Ìwé ìtàn-ìfẹ́ onígbàgbọ́ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti gbọgbẹ́: èwo ni kí ẹ mú, èwo ni kí ẹ fi sílẹ̀?

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọgbẹ́ kì í wá ìwé púpọ̀. Ẹyọ kan tó máa bá a mu ló ń wá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá to ìwé ìtàn-ìfẹ́ onígbàgbọ́ mẹ́wàá kalẹ̀, ohun kan náà ni ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn máa sọ fún yín: obìnrin kan ti búra pé òun ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ọkùnrin kan yọ dé, Ọlọ́run sì ní ètò míì nílẹ̀. Àwòrán iwájú náà ò yàtọ̀. Obìnrin kan kẹ̀yìn sí wa, ó ń wo oko tàbí òkun. Ta ló lè fi ìyẹn yan ìwé?

Ọgbẹ́ ni èmi fi ń yàn. Kí ló bà ọkàn ẹni inú ìtàn náà jẹ́? Ṣé ikú ni, àbí ìkọ̀sílẹ̀, àbí ẹni tó fọkàn tán ló dà á, àbí àfẹ́sọ́nà ló sá lọ nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣègbéyàwó? Ọgbẹ́ tí ikú dá síni lára àti èyí tí irọ́ dá kì í jinná bákan náà. Opó lè máa ṣàárò ọkọ rẹ̀ láìbínú sí i. Ẹni tí wọ́n dà á ṣàárò, á tún máa bínú sí ara rẹ̀ pé òun ṣì ń ṣàárò. Ìwé tó bá kó àwọn méjèèjì sínú ìkòkò kan náà ò mọ ohun tó ń sè.

Ohun kejì tí mo máa ń wò ni ààrin. Láti ọjọ́ tí ọkàn ti bàjẹ́ dé ọjọ́ tí ìfẹ́ tuntun wọlé, kí ni òǹkọ̀wé fi kún un?

Ìkórè méjì, ẹsẹ márùn-ún

Ká tó dé orí ìtàn àròsọ, Bíbélì fúnra rẹ̀ fi opó méjì hàn wá tí wọ́n tún lọ́kọ, ìrìn ìtàn wọn ò sì jọra rárá. Rúùtù tẹ̀lé Náómì, ìyá ọkọ rẹ̀, dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ó ń pèéṣẹ́ nínú oko Bóásì títí ìkórè bálì fi parí, títí ti àlìkámà náà fi parí (Rúùtù 2:23). Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìpakà ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé, níbi tí Rúùtù ti lọ bá Bóásì lóru pé kó fẹ́ òun. Ó wáyé tán, Bóásì tún ní ìbátan kan wà tó sún mọ́ ọn ju òun lọ, kí Rúùtù dùbúlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ti Ábígáílì ńkọ́? Nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 25, Nábálì, ọkọ rẹ̀, kú ní ẹsẹ 38. Ní ẹsẹ 39, Dáfídì ti gbọ́, ó ti ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi í ṣaya. Ní ẹsẹ 42, obìnrin náà ti yára dìde, ó ti gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọmọbìnrin márùn-ún ń tẹ̀lé e. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ pé ó sunkún Nábálì. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, torí ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún Dáfídì ní ẹsẹ 25 pé bí orúkọ ọkùnrin yẹn ti rí ló rí, òmùgọ̀ ni.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ìwé kan "ti yára jù", mo máa ń bi í pé ọkọ wo ló kú níbẹ̀. Bóásì gba ìkórè méjì. Dáfídì gba ẹsẹ márùn-ún. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú àwọn méjèèjì. Ìwé tó ṣìnà ni èyí tó sọ fún wa ní orí kìíní pé ọkọ tó kú yìí ni gbogbo ayé obìnrin náà, tí orúkọ ọkùnrin ọ̀hún ò sì jẹ yọ mọ́ láti orí kẹrin lọ.

Ìwé méjì tí wọ́n máa ń gbé fún yín

Bí ẹ bá béèrè ìwé irú èyí lọ́wọ́ àwọn tó ń kà á dáadáa, ó ṣòro kí wọ́n má dárúkọ ọ̀kan nínú méjì wọ̀nyí. Àkọ́kọ́ ni *Love Comes Softly* tí Janette Oke kọ ní 1979. Èkejì ni *Redeeming Love* ti Francine Rivers, tó kọ́kọ́ jáde ní 1991. Wọ́n máa ń gbé wọn fúnni bí ẹni pé oògùn kan náà ni wọ́n. Oògùn kan náà kọ́.

Ti Oke jẹ́ ìwé opó. Marty àti ọkọ rẹ̀ ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn láti lọ tẹ̀dó, ọkọ kú lójijì, oyún sì wà nínú obìnrin náà. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ gan-an ni Clark Davis, tí ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú, wá bá a pé kó jẹ́ káwọn fẹ́ra. Kò mẹ́nu kan ìfẹ́. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan, Missie, tó nílò ìyá. Marty nílò òrùlé. Ó ṣèlérí pé bí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí obìnrin náà bá ṣì fẹ́ padà sílé, òun á san owó ìrìnàjò rẹ̀. Ohun tó kún ààrin ìwé náà ni iṣẹ́ ilé, ọmọ tí kò gbọ́rọ̀, oúnjẹ tí Marty ò mọ̀ ọ́n sè. Ẹ lè ka ojú ewé ogún kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, torí bí ọ̀fọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn: ilẹ̀ ń mọ́, ọmọ ń ké, ẹ sì gbọ́dọ̀ dáná. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Àléébù rẹ̀ ni Clark. Ọkùnrin náà ti dáa jù, ẹ ò ní rí àbàwọ́n tó tó èékánná lára rẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ọkùnrin á rẹ́rìn-ín.

Ti Rivers kì í ṣe ìwé opó rárá. Ìtàn wòlíì Hóṣéà àti Gómérì, ìyàwó rẹ̀ aláìṣòótọ́, ni, tí ó gbé lọ sí Kalifọ́níà ní 1850, nígbà tí aráyé ń rọ́ lọ wa góòlù níbẹ̀. Wọ́n ti ta Angel sí òwò aṣẹ́wó láti kékeré. Àgbẹ̀ kan, Michael Hosea, gbà pé Ọlọ́run ní kí òun fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ. Angel sá lọ. Michael lọ mú un wá. Angel tún sá lọ. Ẹni tó bá rántí Hóṣéà orí kẹta, níbi tí wòlíì ti fi ṣékélì fàdákà 15 àti hómérì bálì kan àti ààbọ̀ ra obìnrin náà padà, á mọ ibi tí ìwé ń lọ. Ìtàn-ìfẹ́ ti ayé ni Rivers ń kọ kó tó di àtúnbí ní 1986. Ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà lónìí ni èyí tí wọ́n tún ṣe fún àwọn òǹkàwé onígbàgbọ́ ní 1997, nítorí náà bí ẹ bá he ẹ̀dà àtijọ́ níbìkan, ẹ wo ọdún inú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ọmọ yín.

Àti ti 1997 náà, mi ò ní gbé e fún ọmọ. Ìfipábánilò wà níbẹ̀, ìwà ìkà sí ọmọdé wà níbẹ̀, oyún ṣíṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú irú ìyà bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú ìwé fún un, kó fúnra rẹ̀ pinnu.

Ohun míì tún wà. Àwọn kan tí mo gbé ìwé yìí fún rí ọkùnrin tó ń lépa obìnrin kiri, inú wọn ò dùn, ìyẹn sì yé mi. Bí o bá sá fún ẹni tí kò jẹ́ kí o lọ, ìtàn ọkùnrin tí kò jẹ́ kí obìnrin lọ kò ní dà bí ìfẹ́ létí rẹ. Àmọ́ kí wọ́n kà á dópin. Nígbà ìkẹyìn tí Angel lọ, Michael ò lépa rẹ̀ mọ́. Ó jókòó sí oko rẹ̀, ọdún sì ń yí lu ọdún. Ẹsẹ̀ ara obìnrin náà ló gbé e padà. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwé náà ti di ìtàn-ìfẹ́. Ohun tó ṣáájú rẹ̀, ìtàn ìgbàlà ni.

Tí ẹ bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti Oke wà fún ẹni tó mọ ohun tí ìfẹ́ jẹ́ tí ikú sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti Rivers wà fún ẹni tí kò gbà pé òun yẹ ní fífẹ́ rárá. Ẹ gbé ti Rivers fún opó tó ń ṣàárò ọkọ rere, kò ní mọ ohun tí ẹ ń bá a sọ. Ẹ gbé ti Oke fún ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, á ní àlá ọ̀sán lẹ ní kí òun máa lá.

Ibi tí àwọn òǹkọ̀wé ti ń sá: ìkọ̀sílẹ̀

Opó ní ẹsẹ tirẹ̀. Kọ́ríńtì Kìíní 7:39 sọ ọ́ kedere pé bí ọkọ bá kú, obìnrin lómìnira láti fẹ́ ẹni tó wù ú, kìkì nínú Olúwa. Ìdí nìyẹn tí opó fi pọ̀ bí eṣú nínú ìwé wọ̀nyí. Kò sí pásítọ̀ tó máa bá òǹkọ̀wé jà nítorí opó.

Ẹni tó kọ ọkọ tàbí tí ọkọ kọ̀ ni ìṣòro, torí ìjọ kan gbà kó tún fẹ́ ẹlòmíì, ìjọ míì ò gbà, àwọn tó ń tẹ ìwé sì fẹ́ tà á fún àwọn méjèèjì. Ọgbọ́n tí mo ti rí pọ̀. Àwọn kan á ti kọ́kọ́ kọ ara wọn sílẹ̀, lẹ́yìn náà òǹkọ̀wé á wá pa ọkọ àtijọ́. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ní ìlú tó jìnnà, nínú gbólóhùn kan. (Ẹ ṣọ́ra yín bí ẹ bá jẹ́ ọkọ àtijọ́ nínú ìwé onígbàgbọ́, ẹ má wakọ̀.) Àwọn míì á jẹ́ kí ọkọ ṣe panṣágà kí Mátíù 19:9 lè bo obìnrin náà. Ó tọ́ o, ṣùgbọ́n wọ́n á wá sọ ọkùnrin yẹn di èṣù pátápátá, tí a ò ní mọ ìdí tí obìnrin ọlọ́gbọ́n yìí fi fẹ́ ẹ níjọ́ kìíní.

Irú kẹta ni ti tọkọtaya tó ti túká tí wọ́n tún padà fẹ́ra wọn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ dáadáa, òun ló jinlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, torí àwọn méjèèjì mọ àṣírí ara wọn, kò sí ẹni tó lè fi aṣọ rere tan ẹnì kejì jẹ. Bí wọn ò bá kọ ọ́ dáadáa, òun ló léwu jù. Kí ẹ tó mú un, ẹ wá ìdí tí wọ́n fi túká. Bó bá jẹ́ ikú ọmọ, tàbí gbèsè, tàbí iṣẹ́ tó gba ọkọ mọ́ ìyàwó lọ́wọ́, ẹ máa kà á lọ. Bó bá jẹ́ lílù, tí ọkùnrin náà sì ronúpìwàdà ní orí kan tí obìnrin kó ẹrù padà ní orí tó tẹ̀ lé e, ẹ pa ìwé náà dé.

Ìran kan, ọwọ́ méjì

Ẹ jẹ́ kí n kọ ìran kan ní ọ̀nà méjì, kí ẹ lè rí ohun tí mò ń wá nígbà tí mo bá ṣí ìwé. Obìnrin opó kan ni, àti bàtà ọkọ rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: "Ó wo bàtà ọkọ rẹ̀ olóògbé, omijé sì ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lójijì ni ó rántí pé Ọlọ́run ni olùtùnú àwọn opó. Àlàáfíà tó ju gbogbo òye lọ kún inú rẹ̀. Ó gbé bàtà náà jù sínú àpótí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan kan ìlẹ̀kùn."

Ọ̀nà kejì: "Bàtà náà ṣì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Gìgísẹ̀ ti ọ̀tún ti tẹ̀, torí bó ṣe máa ń kì í bọ ẹsẹ̀ nìyẹn bó bá ń kánjú. Obìnrin náà gbé e, ó nu eruku rẹ̀, ó dá a padà síbi tó wà. Ní Sátidé, ọkùnrin yẹn wá bá a tún páìpù omi ṣe. Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rí èyí tó wà níbẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ sún tirẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n má baà fara kanra. Obìnrin náà rí i. Kò sọ nǹkan kan. Lálẹ́, ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà. 'Olúwa' nìkan ló lè pè."

Orúkọ Ọlọ́run pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, àmọ́ ìrésà ni wọ́n fi í ṣe níbẹ̀, láti fi pa ọkọ tó kú rẹ́ kí àyè lè wà fún ẹni tó ń kan ìlẹ̀kùn. Nínú èkejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àdúrà, mo sì gbà á gbọ́. Sáàmù 34:18 sọ pé Olúwa sún mọ́ àwọn tí ọkàn wọn bàjẹ́. Ó sún mọ́ wọn ló wí. Kò ní ó gbá ilé wọn mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún wo ọkùnrin inú èkejì. Kò tíì sọ gbólóhùn kan, a ti mọ̀ pé òkú ò dẹ́rù bà á, kò sì bá òkú jà fún àyè. Èyí ni mo máa ń wá lára ọkùnrin tuntun kí n tó wo bó ṣe ga tó.

Ìwé kékeré, ìwé ńlá

Bí ìwé ṣe gùn tó kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Love Inspired, tí ilé-iṣẹ́ Harlequin bẹ̀rẹ̀ ní 1997, máa ń tẹ ìwé tó tó nǹkan bí 55,000 ọ̀rọ̀. Nínú irú ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti pàdé ní orí kìíní, nítorí náà ọ̀fọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ò ní rí ọjọ́ tí ọkàn bàjẹ́, àpá rẹ̀ lẹ máa rí. Fún ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń jinná tó kàn fẹ́ nǹkan tí yóò parí kí oorun tó gbé e, ó dáa gan-an, mi ò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, ìwé tó gùn tó ìlọ́po méjì rẹ̀ ló yẹ kó wá, níbi tí àyè ti wà fún un láti bú Ọlọ́run díẹ̀ kó tó máa kọrin. Náómì náà sọ ọ́ sójú àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, Márà ni kí wọ́n máa pè òun, torí Olódùmarè ti mú ayé òun korò. Kò sì sẹ́ni tó yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ nítorí rẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ yàrá, kékeré ni o, ńlá ni o, ìlẹ̀kùn máa ń tì mọ́ wa lójú. Ìfẹnukonu nìkan ni, ó lè pẹ́ kó tó dé, ìgbéyàwó ló sì ń ṣáájú ìyókù. Ẹni tó bá ń wá nǹkan míì ti gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ti àfẹ́sọ́nà àtijọ́ tó padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìbéèrè kan ló wà níbẹ̀: kí ló dé tó fi lọ? Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan ló sọnù, tí ìpè fóònù kan ṣoṣo ì bá sì ti yanjú gbogbo rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló hùwà ojo, tó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jókòó tì í.

Ohun kan tí mo máa ń ṣe kí n tó sanwó: mo máa ń ṣí ìwé ní ààrin gan-an, mo sì máa ń wá orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tí ẹni inú ìtàn náà fẹ́ ní ojú ewé mẹ́wàá tó yí ibẹ̀ ká. Bó bá wà níbẹ̀, pàápàá nínú ẹ̀rín, mo máa rà á. Ojú àpá kì í jọ ojú ara, òǹkọ̀wé tó bá ṣì ń rántí àpá ní ààrin ìwé mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo tún máa ń wo ọmọ tó wà nínú ìtàn. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún tó ń sọ̀rọ̀ bí àgbà, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa ṣe alárinà lọ, mo máa dá a padà sórí pẹpẹ.

Àmọ́ ìwọ̀n tèmi yìí já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ kú. Mo fara balẹ̀ yan ìwé mẹ́ta fún un, opó ni gbogbo wọn, wọ́n gùn, orúkọ ọkọ wà ní ààrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó kó wọn padà fún mi. Ó ní wọ́n dùn. Ó wá bi mí pé, "Èyí tí ọkùnrin kankan ò wá ńkọ́, àbúrò mi? Ṣé wọn ò kọ ìyẹn ni?"

Mi ò ní èsì. Ìtàn-ìfẹ́ tí kò parí sí ìgbéyàwó, àwọn tó ń tà á ò ní pè é ní ìtàn-ìfẹ́. Mo ronú títí, mo wá sọ fún un pé kó lọ ka Rúùtù, kó má wo Rúùtù o, kó máa wo Náómì. Orí mẹ́rin péré ni. Kò sẹ́ni tó wá fẹ́ Náómì. Ní ìparí rẹ̀, wọ́n gbé ọmọ fún un, ó tẹ́ ẹ sí àyà rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò ló sì sọ ọmọ náà lórúkọ.